Ẹni Tó Jókòó sí Ẹ̀yìn Mọ́tò Gbogbo Wa

Ìlàjì ìka kan péré ni ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn kì bá tí kíyè sí i. Ṣùgbọ́n Ísákì Ọmọ́yẹlé kì í ṣe ẹni tí ìlàjì ìka lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má mọ̀. Ó ní igi ọparun kan tó ti fi ọ̀bẹ gé ààmì sí lára. Igi yìí ló fi ń wọn bí ara mọ́tò ṣe ga tó lórí taya kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, kó tó tan ẹ́ńjìnì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, nínú ahéré mọ́tò tó wà létí omi ní Igbókọ̀dá, ìkùukùu ọyẹ́ bo ojú odò, ó bo ẹnu ọ̀nà ahéré pẹ̀lú. Ísákì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọn iwájú méjèèjì, wọ́n bá ààmì mu. Ó wọn ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó bá ààmì mu. Ó wọn ti òsì. Ara mọ́tò ti wálẹ̀ níbẹ̀ ní ìlàjì ìka, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá jókòó sí kọ̀rọ̀ ìjókòó ẹ̀yìn.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan. Ó fi ọwọ́ kan ìjókòó náà, ó tutù, ó sì rin díẹ̀, bí ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú odò jáde ti sinmi.

"Ìrì ni," ni Ísákì wí fún ara rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó ti í tán, sípíríńgì ẹ̀yìn dún fíìn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdún kẹtàlá nìyẹn tí a tẹ Ayétòrò dó. Ní Ayétòrò fúnra rẹ̀, mọ́tò kò ní ibi tí yóò gbà. Afárá pákó ni ọ̀nà wa, òkun ni àgbàlá wa. Ṣùgbọ́n ìjọ wa, ìjọ Àpọ́sítélì, ní mọ́tò dúdú kékeré kan ní Igbókọ̀dá, níbi tí omi ti parí tí ilẹ̀ gbẹ bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì ló sì ń tọ́jú rẹ̀, Ísákì tó ń ṣe é àti Lawrence tó ń wà á. Bí àlejò bá bèèrè pé ta ló ni ín, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, "Gbogbo wa ni." Bẹ́ẹ̀ náà la ń wí nípa àwọ̀n, nípa ìkòkò ọbẹ̀, nípa bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni. Káfíńtà kì í kọ orúkọ sí ìdí àga tó kàn. Ọmọ tí a bí sí Ayétòrò lè dàgbà tó ọdún méje kó tó gbọ́ kí àgbàlagbà kan sọ pé "tèmi".

Kọ́nà Ọlọ́pẹ ni wàhálà mọ́tò yìí. Ọ̀nà Okitipupa tẹ̀ lójijì níbẹ̀ bí apá tó ṣẹ́, igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo dúró sí ìgúnpá rẹ̀, kòtò jíjìn sì wà lẹ́yìn ọ̀pẹ náà. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ti rí gbágungbàgun bí eyín ayùn. Tí mọ́tò bá dé ibẹ̀, ara rẹ̀ á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí ẹnì kan dìde dúró sí etí rẹ̀. Ísákì kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo àwọn awakọ̀ ń ṣe, ó fi ewé irin kan kún sípíríńgì kí ó lè le. Lóòótọ́ mọ́tò kò dùbúlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fò. Taya ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ láti orí gegele kan sí èkejì, taya tí kò sì sí nílẹ̀ kò lè di nǹkan kan mú. Ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí òun àti Lawrence kó sínú kòtò lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rò ó. Ó wá yé e pé iṣẹ́ méjì ni, irin kan kò sì lè ṣe méjèèjì. Taya kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ara mọ́tò kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Ó yọ ewé irin tó fi kún un, ó tún yọ òmíràn sí i, kí sípíríńgì rọ̀, kí taya lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ìyá ṣe ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn ọmọ tó ń wẹ̀ fún. Ó fi ṣọ́kì tuntun tí ìjọ kó wá láti Èkó sí i, kí mọ́tò má baà máa mì jìgìjìgì lẹ́yìn gegele. Ó mú ara mọ́tò wálẹ̀ ní ìka mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ó rọ ọ̀pá irin gígùn kan ní ilé alágbẹ̀dẹ Ayétòrò, ó tẹ orí rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ẹsẹ̀ òsì lábẹ́ mọ́tò. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá fẹ́ dùbúlẹ̀, ọ̀pá yìí á fa èkejì pé kó bá a gbé e. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi yí Kọ́nà Ọlọ́pẹ ká, wọ́n ti rìn jìnnà kí Lawrence tó bojú wẹ̀yìn. Ó wá ní, "Ísákì, ṣé a ti yí i? Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tá a yí i."

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré fún Ísákì. Rúùtù ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù kẹjọ. Màríà, nọ́ọ̀sì wa, ti fi ọwọ́ wò ó, ó sì bá orí méjì níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sùn ní ìbú. "Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró gbọ́ tẹnikẹ́ni," ni Màríà wí. "Ilé ìwòsàn Okitipupa ni. Kí ẹ sì tètè dé ibẹ̀, kí ẹ má sì jù ú nínú mọ́tò."

Ìdí nìyẹn tí ìlàjì ìka kan fi gba oorun lójú Ísákì.

*

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti ń wọn taya, ká lọ sínú irà tó wà lẹ́yìn Igbókọ̀dá. Ilé kan wà níbẹ̀ lórí òpó, omi abẹ́ rẹ̀ dúdú bí epo ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́, ẹyẹ kì í sì í bà sí orí òrùlé rẹ̀. Ìyá Moríkẹ́ ló ń gbé ibẹ̀. Ẹja ló ń yan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí i rí kó ta ẹja.

Ògúnlànà jókòó níwájú ààrò rẹ̀, ó gbé fìlà awakọ̀ rẹ̀ lé orúnkún. Òun ló ni lọ́rì aláwọ̀ ewé tó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà síwájú. Èrò kò wọ́n ọn, lọ́rì rẹ̀ ń kún títí. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé rà lọ́jà. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn obìnrin fi ń dijú ní Kọ́nà Ọlọ́pẹ nínú lọ́rì rẹ̀, tí wọ́n bá sì yí i tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, "Bàbá Kọ́nà, o ṣeun." Ní ọjọ́ kan ni mọ́tò dúdú kékeré yẹn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá níbẹ̀ gan-an, ó dọ̀bálẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó ń lọ wọ̀ọ̀. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n edé lé ẹsẹ̀ wò ó, ó ní, "Ẹ wo ti àwọn Àpọ́sítélì bó ṣe ń yọ́ lọ. Ògúnlànà, ìwọ ń dà wá síhìn-ín sọ́hùn-ún bí edé." Gbogbo lọ́rì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pè é ní Bàbá Kọ́nà mọ́ àfi ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá, ẹ ní ohun tí ẹ rán ti lọ," ni Ògúnlànà wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Mọ́tò yẹn ṣì ń yí kọ́nà."

"Ó ti lọ." Ìyá Moríkẹ́ ń yí ẹja padà, kò wo ojú rẹ̀. "Ó ti wà nínú mọ́tò náà. Ó jókòó sẹ́yìn."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń bèèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni nǹkan ni mo rán an sí, bí a ṣe ń rán an nìyẹn. Ó bi awakọ̀, awakọ̀ ní gbogbo wa ni. Ó bi nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní gbogbo wa ni. Ó kọjá omi lọ bi ìlú wọn, ìlú ní gbogbo wa ni. Kò lè gun gbogbo wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gùn."

"Kó gun Ísákì. Òun ló rọ irin ọ̀hún."

"Ísákì kò tíì sọ pé tòun ni."

Ògúnlànà gbé fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó tó wà lára ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. "Ká wá máa wò ó báyìí?"

"Ká máa wò ó," ni Ìyá Moríkẹ́ wí. "Bó ti ń jókòó níbẹ̀, ó ń wúwo sí i. Ẹ̀rù á ba ẹnì kan. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà á wá ààbò, ibí yìí ni yóò sì wá a wá."

Nígbà tí Ògúnlànà dìde, ara rẹ̀ ń yá láti kúrò níbẹ̀ débi pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀.

*

Ìlàjì ìka di ìka kan. Ìka kan di méjì.

Ísákì tú sípíríńgì òsì, ó gbé e wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń gba orí omi lọ sí Ayétòrò, ó gbé e lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ wa. Ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó wọ̀n ọ́n, ó gbé ẹrù irin lé e, ó tún wọ̀n ọ́n. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó gbé e padà, ó dè é mọ́ mọ́tò ní ọ̀sán gangan, igi ọparun rẹ̀ sì bá ààmì mu. Ó fọwọ́ lé àyà, ó lọ mu omi. Nígbà tó fi padà dé, ara mọ́tò ti wálẹ̀ ní ìka méjì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀.

Lawrence náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Aláwàdà ni tẹ́lẹ̀. "Mo gbé èrò mẹ́ta lánàá," ló wí, ó ń wo taya dípò kó wo Ísákì. "Àwọn mẹ́ta sún mọ́ra wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé ìjókòó kún. Mo ní kí wọ́n fẹ̀ jókòó. Ìyá àgbà tó wà láàárín ní, 'Ibo ni ká fẹ̀ sí? Ṣé o kò rí ẹni yìí ni?'"

"Kí lo sọ fún un?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Mo ń wakọ̀ lọ. Tí mo bá dé Kọ́nà Ọlọ́pẹ, Ísákì, gbogbo ohun tí o ṣe sí mọ́tò yìí ló ń ṣiṣẹ́, taya di ilẹ̀ mú, ọ̀pá yẹn gbé e ró. Ṣùgbọ́n nǹkan kan á fi gbogbo ara tẹ̀ sí ọ̀nà kòtò. Díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ọmọ tó ń ti ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá wọ́n tì í."

Ó yẹ kí Ísákì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú àwọn àgbà ìjọ. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹnì kan kì í dá ẹ̀rù rẹ̀ gbé ní Ayétòrò, à á kó o sílẹ̀ láàárín àdúrà, gbogbo ìlú á sì gbé e. Ṣùgbọ́n oyún Rúùtù ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń rò ó pé àwọn àgbà lè ní kí wọ́n gbé mọ́tò sílẹ̀ fún ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù. Ó rántí orúkọ kan, Ìyá Moríkẹ́, tí ìyá rẹ̀ máa ń dá nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó di ọmọ ìjọ. Ó yá ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré kan, ó tu ú wọ inú irà, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ tí omi pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Ọmọ Ọmọ́yẹlé," ni ohùn kan wí látinú ilé kó tó kan ilẹ̀kùn, "o mà pẹ́ o."

Ìyá Moríkẹ́ kò bi í léèrè ohun tó bá wá. Ó mú okùn ìko kan wá látinú èéfín òkè ààrò, okùn náà dúdú, ó ń rùn bí ẹja tó ti jóná. Ó ní kó dì í sáàárín àwọn ewé sípíríńgì, ohun tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò á sì dìde kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ísákì na ọwọ́. Obìnrin náà fa okùn padà.

"Ta ló ni mọ́tò?"

"Gbogbo wa ni, ìyá."

"Okùn kan, ọrùn kan. Mi ò lè dì í fún gbogbo yín. Lọ sílé kí o lọ kó wọn wá, kí wọ́n tò sínú irà yìí, kí n máa dì í fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ísákì wo ilẹ̀. Ó rí fìlà awakọ̀ kan lórí ìṣó lára ògiri, ó sì dà bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò dúró níbẹ̀. Rúùtù ló ń rí, àti orí kékeré méjì, àti igi ọ̀pẹ kan ní ìgúnpá ọ̀nà. Ó rántí iná alágbẹ̀dẹ, àti bí irin náà ṣe pupa lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí ó ṣe mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo etíkun tó lè rọ irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

"Tèmi ni," ló wí.

"Ta ni ìwọ?"

"Ísákì Ọmọ́yẹlé."

Obìnrin náà ju okùn sí i lọ́wọ́. Lábẹ́ ilé, omi dúdú náà ru sókè lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ẹni tó ti jókòó pẹ́ bá dìde.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ààmì mu.

Ísákì wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rẹ́rìn-ín nìkan nínú ahéré. Lawrence wa mọ́tò dé Kọ́nà Ọlọ́pẹ, ó padà wá, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti sọ̀ kalẹ̀," ló ní. "Mi ò mọ ibi tó ń lọ, kò sanwó ọkọ̀." Ísákì sọ fún un pé nọ́ọ̀tì kan ló tú, òun ti dè é.

Ọkọ̀ ẹ́ńjìnì ló gbé Ísákì padà sílé. Ó jókòó sí apá ọ̀tún. Ẹni tó ń tukọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Arákùnrin Ísákì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bọ́ sí òsì, ọkọ̀ ń tẹ̀." Ó bọ́ sí òsì. Ọkọ̀ tẹ̀ sí òsì. Ẹni tó ń tukọ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá ojú padà síwájú.

Lórí afárá pákó tó lọ sí ilé, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ko, ko. Lẹ́yìn kọ̀ọ̀kan, pákó tún ń dún lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ sí ibi tí òun ti gbé tòun kúrò. Ísákì dúró. Ẹsẹ̀ kejì náà dúró.

Rúùtù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ mú wá?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹsẹ̀ ẹni méjì ni mo gbọ́." Ó bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ kí àlejò kọjá. Kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ísákì mọ̀.

Ó padà lọ sí Igbókọ̀dá ní kùtùkùtù, ó gé okùn náà kúrò láàárín sípíríńgì, ó sọ ọ́ sí odò. Okùn léfòó, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó rì. Ìwúwo náà kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ẹní wọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó jẹun pẹ̀lú ìjọ, bẹ́ǹṣì dún fíìn, gẹ́gẹ́ bí sípíríńgì ṣe dún ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́.

*

Rúùtù bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ń kọrin ìjáde. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnì, Màríà dì í mú lọ́wọ́. Nígbà tí Ísákì wọlé, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ní láti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Wọ́n kàn ń wò ó láti etí afárá.

Ní Igbókọ̀dá, Lawrence ti tan ẹ́ńjìnì. Wọ́n tẹ́ Rúùtù sẹ́yìn, Màríà jókòó ti orí rẹ̀, Ísákì jókòó síwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Wọ́n gbéra. Ara mọ́tò tẹ̀ sí iwájú lápá òsì débi pé taya ń ha irin.

"Nọ́ọ̀tì yẹn ti tún tú," ni Lawrence wí láàárín eyín.

"Dúró," ni Ísákì wí.

Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi ọparun rẹ̀, ó wọn taya iwájú náà. Mọ́tò ti gbé ara sókè, ó bá ààmì mu. Ó tún wọlé, ó nà síta láti ojú ilẹ̀kùn, ó wọ̀n ọ́n. Ìka mẹ́ta. Ara rẹ̀ kò ju ẹni tó ń tẹ sípíríńgì yẹn ní ìlàjì ìka lọ, ó ti wọn ara rẹ̀ rí. Ó bọ́ sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ Rúùtù. Ẹ̀yìn wálẹ̀ ní ìka mẹ́ta, iwájú gbéra. Ó wá yé e bí ìṣirò tó parí. Kò sí ohun tó ṣe mọ́tò. Ibi tí òun bá jókòó ni ìwúwo náà ń jókòó.

Màríà ní, "Arákùnrin, kí lẹ ń wọ̀n? Ọmọ ń bọ̀."

Wọ́n ń lọ. Ìkùukùu ti ká kúrò, igi ọ̀pẹ náà hàn ní iwájú, ó dúró ṣanṣan. Sípíríńgì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mọ́tò sì ń fà sí ọ̀nà kòtò díẹ̀díẹ̀, Lawrence fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí mú, iṣan apá rẹ̀ yọ.

"Dúró kí n sọ̀ kalẹ̀," ni Ísákì wí.

Rúùtù di aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ má fi mí sílẹ̀."

"Iṣẹ́ tí mo ṣe wà lábẹ́ rẹ. Kò ní jẹ́ kí o ṣubú. Lawrence, má tẹ bíréèkì nínú kọ́nà. Jẹ́ kó máa lọ."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ ní ìka kan sí ìkejì, ó sì bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò gbé ara sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ó wò ó bó ṣe ń lọ. Taya mẹ́rin di ilẹ̀ pupa mú, wọ́n ń tẹ̀ lé gegele kan sí èkejì, kò sí èyí tó fò. Ara mọ́tò kò dùbúlẹ̀. Ó yí ìgúnpá yẹn bí omi ṣe ń yí ẹsẹ̀ òpó, ó kọjá igi ọ̀pẹ, kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ísákì fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ pupa dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ṣé o sọ orúkọ rẹ fún Ìyá Moríkẹ́?"

Ògúnlànà ló jókòó sí ẹ̀yìn igi ọ̀pẹ náà, kò dé fìlà. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Mo sọ ọ́," ni Ísákì dáhùn. Ó rántí ìṣó lára ògiri. "Fìlà rẹ ni mo rí níbẹ̀."

"Mi ò mọ̀ pé aboyún wà nínú mọ́tò yẹn lónìí. Mi ò ní kí wọ́n pa èèyàn. Mo ní kọ́nà mi ni mo fẹ́ gbà padà." Ó ń wo èjìká Ísákì, òkè èjìká rẹ̀ gan-an, kò sì lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Ísákì. Má yí ẹ̀yìn sí mi."

*

Wọ́n bí àwọn ọmọ náà ní Okitipupa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin àti ọkùnrin, Rúùtù sì yè.

Ísákì kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ayétòrò mọ́. Ọkọ̀ kò lè gbé e, ọ̀nà omi nìkan ló sì lọ síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbìyànjú, lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fà á jáde láàárín odò. Ìjọ gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ṣì ń gbà á. Inú ahéré Igbókọ̀dá ló ń gbé, ó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò èèyàn, ó ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í jókòó sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan Ògúnlànà wa lọ́rì rẹ̀ wá, ó ní sípíríńgì ẹ̀yìn kan kò gbéra dáadáa. Ísákì wọ̀n ọ́n. Ìlàjì ìka ni. Ó wo orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú lọ́rì náà, ó lọ mú ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì wá, ó gbé wọn lé Ògúnlànà lọ́wọ́ kó fi pa orúkọ náà rẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Ẹtì, ni Rúùtù ń gbé àwọn ọmọ wá. Wọ́n ti ń rìn báyìí. Wọ́n máa ń sáré láti etí omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọkùnrin náà á mú igi ọparun rẹ̀, á máa fi wọn ẹsẹ̀ àga.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin àlejò kan bọ́ láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, ọmọ Ìkálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọbìnrin náà sókè, ó sì yíjú sí Ísákì. "Wọ́n mà rẹwà o, ẹ̀dà yín gẹ́lẹ́. Ta ló ni wọ́n?"

Lẹ́yìn Ísákì, pákó ẹnu ọ̀nà ahéré dún fíìn. Ohun tó wà níbẹ̀ ti na ọrùn, ó ń retí ìdáhùn.

Rúùtù ń wò ó. Ọmọkùnrin náà ń wò ó, igi ọparun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé abẹ́ ahọ́n Ísákì, ó gbóná, ó dùn ún ju irin tó pupa lọ. Ó gbé e mì.

"Gbogbo wa ni," ló wí.

Pákó náà dákẹ́.